Bí A Ṣe Ń Fi Ìtànṣán Gámà Wá Ìrẹsì Tí Ó Lè Fara Da Iyọ̀

Ìrẹsì wà lára àwọn ohun ọ̀gbìn tí iyọ̀ tètè ń bà jẹ́, pàápàá nígbà tí ó ṣì kéré àti nígbà tí ó bá ń yọ òdòdó. Láti rí irú rẹ̀ tí yóò fara dà á, a lè ta ìtànṣán gámà, ìtànṣán alágbára tí ojú kò lè rí, sí kálọ́ọ̀sì rẹ̀, èyí tí í ṣe ìṣù sẹ́ẹ̀lì tí a mú dàgbà nínú ìgò. Ìtànṣán kò mọ ohun tí à ń wá. Àbùdá ni ó kàn ń yí padà káàkiri, iyọ̀ tí a ó fi dán an wò lẹ́yìn náà ni yóò ṣa èyí tí ó wúlò.

Ẹ bó èèpo hóró ìrẹsì tí ó gbó, ẹ rẹ ẹ́ sínú ẹtánọ́ọ̀lì fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà sínú bílíìṣì tí a fi omi là, kí ẹ sì fi omi tí kò ní kòkòrò ṣan án. Oúnjẹ tí ẹ ó gbé e lé ni ti Murashige àti Skoog, àpòpọ̀ èròjà tí a fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì ewéko nínú ìgò, tí ṣúgà gíráàmù 30 àti mílígíráàmù 2 ti 2,4-D, èròjà tí ń mú kí sẹ́ẹ̀lì máa pín, wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan, tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n bí ó ṣe kan tó) sì jẹ́ 5.8. Nínú òkùnkùn, kálọ́ọ̀sì yóò yọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Èyí tí ó ki ni kí ẹ mú. Ẹ fi èyí tí ó lómi sílẹ̀.

Ẹ má ṣe yá ìwọ̀n ìtànṣán lò lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Hóró gbígbẹ lè gba Gray 200 (Gray ni a fi ń wọn ìtànṣán tí nǹkan gbà), ṣùgbọ́n omi pọ̀ lára kálọ́ọ̀sì, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì ń pín lọ́wọ́, nítorí náà ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ lè pa á run. Ẹ pín in sí ọ̀nà-ọ̀nà, láti orí òdo títí dé Gray 60, kí àwọn tí ó ní ìwé àṣẹ ẹ̀rọ kóbáltì-60, irin tí ń tú ìtànṣán gámà jáde, ta á, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin: ìwọ̀n tí ó dín ìdàgbà kù sí ìdajì ni kí ẹ má ṣe kọjá. Bí ó bá ti ti ibẹ̀ dé, ẹ gbé e sórí oúnjẹ tuntun, nítorí ìtànṣán a máa ba ṣúgà inú ti àtijọ́ jẹ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀ bí ìgbà méjì, ẹ dán an wò pẹ̀lú iyọ̀ ilé ìwádìí, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ tí a ti fi áyódíìnì sí. Gíráàmù 2.9, 5.8 àti 8.8 nínú lítà kan tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan a máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí sẹ́ẹ̀lì lè mọ́ra bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé àbùdá rẹ̀ yí padà. Ìwọ̀n tí ó ń pa ọ̀pọ̀ kálọ́ọ̀sì tí a kò ta ìtànṣán sí ni kí ẹ lò lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ dá àwọn tí ó yè padà sórí oúnjẹ tí kò níyọ̀ fún bí oṣù méjì, kí ẹ tó tún gbé wọn padà sínú iyọ̀. Àwọn tí ó bá rọ nígbà yìí kò ní ohun tí wọn yóò fi jogún fún ọmọ.

Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ jù, nítorí kálọ́ọ̀sì tí ó gbó nínú ìgò kì í hu ewé mọ́. Ẹ yọ 2,4-D kúrò, ẹ fi kínẹ́tíìnì, èròjà tí ń mú kí ewé hù, rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sínú ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí ewéko náà bá so, ẹ gbin irúgbìn rẹ̀ sínú omi iyọ̀ pẹ̀lú òbí rẹ̀, pẹ̀lú ìrẹsì Pokkali ti Kerala ní Íńdíà tí a mọ̀ fún ìfaradà iyọ̀, àti ìrẹsì IR29 tí iyọ̀ tètè ń pa. Ẹ wọn sódíọ̀mù, èyí tí ó ti inú iyọ̀ wá, àti pòtáṣíọ̀mù, èyí tí ewéko nílò, inú ewé wọn: èyí tí sódíọ̀mù rẹ̀ kéré, tí pòtáṣíọ̀mù rẹ̀ kò sì dín kù, ni ó yẹ kí ẹ gbé dé oko.