Ẹ má ṣi Ìjọ gbọ́: ohun tí a máa ń sọ ní àsọdùn lórí ẹ̀dà ènìyàn àti ìwádìí ọlẹ̀

“Ìjọ Kátólíìkì kò fẹ́ kí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ wo aláìsàn.” Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwa ọmọ Ìjọ gan-an la sì máa ń sọ ọ́ kiri. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ (stem cell) ni sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn nínú ara. Ibi tí wọ́n ti mú sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún ni Ìjọ ń béèrè. Bó bá jẹ́ mùdùnmúdùn inú eegun àgbàlagbà ni, tàbí ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tuntun, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀, torí ẹni tí wọ́n mú un lára rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ọlẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀. Bí àtọ̀ bá pàdé ẹyin, tó bá fi máa tó nǹkan bí ọjọ́ 5, ọlẹ̀ ti di bíńtín kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fa sẹ́ẹ̀lì náà yọ. Bí wọ́n bá sì ti fà á tán, ọlẹ̀ náà kú nìyẹn. Ní 2006, Shinya Yamanaka ní Japan sọ sẹ́ẹ̀lì awọ eku di irú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìpa ọlẹ̀ kankan, wọ́n sì ṣe é fún ti ènìyàn ní 2007. Ẹ rántí èyí tí ẹ bá ń jiyàn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà “ti ìwòsàn” tàn yín. Àwọn kan gbà pé èèwọ̀ ni kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ènìyàn (clone), ìyẹn ẹni tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ara ẹlòmíràn ṣe, kí wọ́n sì bí i, pé èyí tí wọ́n ṣe fún ìwòsàn kò burú. Iṣẹ́ kan náà ni: wọ́n á yọ kókó inú ẹyin, ibi tí àbùdá wà, dànù, wọ́n á fi ti sẹ́ẹ̀lì ara ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe Dolly, àgùntàn tí wọ́n bí ní Scotland ní 1996. Ìwé Dignitas Personae tí Fátíkàn gbé jáde ní 2008 sọ pé ti ìwòsàn yìí gan-an ló tún wúwo jù: wọ́n ṣe ọlẹ̀, wọ́n sì ti mọ̀ pé pípa ni àwọn máa pa á.

Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni “ẹ̀dà ènìyàn kò ní ní ọkàn”. Níbo ni wọ́n ti rí i? Ìbejì tó ti inú ẹyin kan náà jáde, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀dà ara wọn, ta ló sọ pé ọ̀kan nínú wọn kò ní ọkàn? Bí wọ́n bá bí ẹnikẹ́ni báyìí lọ́la, ènìyàn pátápátá ni. Àwọn tó ṣe é ni Ìjọ ń bá wí, kì í ṣe òun.

Ó ku ọ̀kan. Ẹ má sọ pé Ìjọ ti dá wákàtí tí ọkàn ń wọ inú ọmọ. Ìwé Donum Vitae tí Fátíkàn gbé jáde ní 1987 kò dá a. Ohun tó sọ ni pé láti ìgbà tí àtọ̀ bá ti pàdé ẹyin, ọ̀wọ̀ ènìyàn ni kí a fún un. Tí wọ́n bá bi yín ní wákàtí, “Ìjọ kò sọ” ni kí ẹ dáhùn.