Purre: ọ̀rọ̀ tó ń jí onígbèsè lójú oorun

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nọ́wè tí ẹ gba lẹ́tà tí wọ́n kọ "Purring" gàdàgbà sí lórí, ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè rò pé ológbò tó ń kùn ni wọ́n ń sọ. Lẹ́tà ìránnilétí ni o: owó kan ló wà lọ́rùn yín tí ọjọ́ sísan rẹ̀ ti kọjá. Èmi fi tèmi àkọ́kọ́ sórí fìríìjì, mo ṣe bí ìpolówó ọjà ni. (Ẹ ó rí "purre" lórí àtẹ ẹ̀fọ́ náà, èyí tó jọ àlùbọ́sà eléwé. Ìyẹn wá láti inú èdè Látìn, kò bá eléyìí tan.)

Ọ̀dọ̀ àwọn ará àríwá Jámánì ni wọ́n ti yá ọ̀rọ̀-ìṣe "å purre". Lọ́dọ̀ tiwọn, kí èèyàn fi nǹkan gún ẹlòmíì díẹ̀díẹ̀ ni. Àwọn atukọ̀ wá ń lò ó lóru: bí ó bá kan ẹnìkan láti ṣọ́ ọkọ̀, wọ́n á lọ "purre" rẹ̀ dìde. Àwọn tó ń béèrè owó náà gbà á lò. Láti nǹkan bí ọdún 1360 ni àwọn oníṣòwò Hansa ti Jámánì ti fìdí kalẹ̀ sí Bryggen, èbúté ìlú Bergen ní Nọ́wè, tí wọ́n ń ra ẹja gbígbẹ, okporoko tí a mọ̀ nílé gan-an. "Betale", ìyẹn sísan owó, èdè wọn ló ti wá. "Gjalda" ni àwọn baba ńlá Nọ́wè fi ń pe sísan tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan lára mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó ṣẹ́ kù ni "gjeld", gbèsè.

Nítorí náà, purring kì í ṣe ẹjọ́, wọ́n kàn ń jí yín ni. Ẹ wo nọ́ńbà KID tó wà lórí rẹ̀, ẹ fi san owó náà ní báńkì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó sanwó. Bí owó náà ò bá tọ́, ẹ kọ̀wé takò ó lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó yẹ kó já yín láyà ni "inkassovarsel", ìkìlọ̀ pé wọ́n fẹ́ fa gbèsè náà lé àwọn agbowó-gbèsè lọ́wọ́. Ó kéré tán, ọjọ́ 14 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, owó orí owó. Bí ó bá di "betalingsanmerkning", àkọsílẹ̀ pé ẹ kò san gbèsè, báńkì lè má yá yín lówó ilé, ilé-iṣẹ́ fóònù pàápàá lè kọ̀ yín.

Bí ẹ bá kó kúrò nílé, ẹ sọ fún Folkeregisteret, ibi tí ìjọba ń kọ orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn ará ìlú sí, kí ọjọ́ 8 tó pé. Àìjẹ́bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa purre ẹni tí kò sí nílé àtijọ́ yẹn mọ́.