Bí mo ṣe to àwọn mínísítà Ramaphosa sórí àtẹ

Àwọn kan ń jiyàn pé ẹgbẹ́ òṣèlú DA (Democratic Alliance) ti gba ìjọba mọ́ ANC, ẹgbẹ́ Ramaphosa, lọ́wọ́ ní Gúúsù Áfíríkà. Àwọn mìíràn ní ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n fi DA ṣe. Dípò kí n bá wọn fa ọ̀rọ̀, mo ṣí Excel, mo kó orúkọ gbogbo mínísítà tí Ààrẹ Cyril Ramaphosa kéde lálẹ́ ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún 2024, sínú rẹ̀.

Àga ilé aṣòfin ni mo kọ́kọ́ kọ. Nínú 400, ANC rí 159, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ dá ìjọba ṣe gbọ́dọ̀ ní 201. Nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ANC wá pè mọ́ra láti jọ ṣe ìjọba ìṣọ̀kan, DA ní 87, IFP 17, PA 9, FF Plus 6. GOOD àti PAC ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ mẹ́wàá lápapọ̀ ló wọ ìjọba náà, àga gbogbo wọn sì jẹ́ 287.

Mo wá fi àwọ̀ ẹgbẹ́ kun orúkọ kọ̀ọ̀kan. Mínísítà 32: ANC mú 20, DA 6, IFP 2, ẹgbẹ́ mẹ́rin sì rí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Gayton McKenzie ti PA gba eré ìdárayá, Pieter Groenewald ti FF Plus gba ọgbà ẹ̀wọ̀n, Patricia de Lille ti GOOD gba ìrìnàjò afẹ́. Ká ní iye àga ni wọ́n fi pín in, DA ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ rí mẹ́wàá.

Àwọn igbákejì mínísítà ló gbà mí lákòókò jù, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ sì wà. Dean Macpherson ti DA ni wọ́n fi ṣe mínísítà iṣẹ́ òde (Public Works), Sihle Zikalala ti ANC sì di igbákejì rẹ̀. Zikalala yìí kan náà ni mínísítà ibẹ̀ kí ìbò tó dé! Onílé wá di ọmọ abẹ́ àlejò. Ní ilé iṣẹ́ ìṣúná, ANC ò gbé àga fún ẹnikẹ́ni: Enoch Godongwana jókòó síbẹ̀, àmọ́ Ashor Sarupen ti DA wà lára igbákejì rẹ̀ méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń mójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ àti àtúnpín ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n là á sí méjì. Iṣẹ́ àgbẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ John Steenhuisen, olórí DA nígbà náà, ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ gbọ́ pé ìjọba ń gba ilẹ̀ láìsanwó. Ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Mzwanele Nyhontso, aṣòfin kan ṣoṣo tí PAC ní, ẹgbẹ́ tó ti ń pariwo láti ìgbà ìwáṣẹ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n dá ilẹ̀ padà fún aláwọ̀ dúdú. Ramaphosa gbé oko fún ọ̀kan, ó gbé ilẹ̀ fún èkejì. Ọ̀gá òṣèlú ni bàbá yẹn o.

Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló kù tí kò ní mínísítà. Bantu Holomisa ti UDM di igbákejì ní ilé iṣẹ́ ààbò, Ganief Hendricks ti Al Jama-ah di igbákejì ní ti ìgbáyégbádùn àwùjọ. Rise Mzansi ò sí lórí àtẹ mi rárá, àfìgbà tí mo yẹ ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin wò: Songezo Zibi, olórí wọn, ló di alága SCOPA, ìgbìmọ̀ tó ń tú ìwé ìnáwó ìjọba wò. Mo ṣí ìlà tuntun fún un.