Ìrírí mi: bí mo ṣe fi ológò ṣe lawful evil nínú D&D tí eré ò sì dàrú

Àwa tá à ń ṣe Dungeons & Dragons , eré tá a ti ń fẹnu sọ ìtàn, tí oníkálukú ń ṣe ẹ̀dá kan, tá a sì ń ju dáìsì láti mọ bóyá ohun tó fẹ́ ṣe á bọ́ sí i, l'Ábẹ́òkúta ò pọ̀, ṣùgbọ́n àwa tá a wà ò kí ń fi Sátidé wa ṣeré, pálọ̀ ẹ̀gbọ́n wa kan n'Íbarà la ti ń pàdé, ẹ̀gbọ́n yìí náà ló ń ṣe DM, ìyẹn ẹni tó ń sọ ìtàn tó sì ń ṣe gbogbo ọ̀tá àti gbogbo ará ìlú tá a bá bá pàdé lọ́nà. Nígbà tá a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn tuntun mo ní lawful evil, ìyẹn ẹni ibi tó ń tẹ̀ lé òfin, ni mo fẹ́ ṣe lọ́tẹ̀ yìí, ojú gbogbo wọn yí padà. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ evil ni ẹni tó máa jí ẹrù ọ̀rẹ́ ẹ̀ lóru, tó máa pa ará ọjà láìnídìí, tí gbogbo ẹ̀ á sì di ariwo. Mo ṣe é dé òpin, a ò jà, òun sì ni ẹ̀dá tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo èyí tí mo ti ṣe. Bí mo ṣe ṣe é rèé.

Ẹ jẹ́ n yára sọ ọ̀rọ̀ alignment, ìyẹn orúkọ tí wọ́n fi ń pe irú ìwà tí ẹ̀dá kan ní nínú eré, fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Ọdún 1974 ni D&D jáde l'Amẹ́ríkà, Gary Gygax àti Dave Arneson ló ṣe é, mẹ́ta péré sì ni alignment nígbà yẹn, Law, Neutrality àti Chaos. Nígbà tó fi máa di 1978 tí Players Handbook ti Advanced D&D jáde, ó ti di mẹ́sàn-án. Ìbéèrè méjì ló bí mẹ́sàn-án yẹn: ẹni yìí, ṣé òfin àti ìbúra àti àṣà ló ń tẹ̀ lé ni (lawful) àbí orí ara ẹ̀ (chaotic)? Tí ọmọlàkejì bá wà nínú ìyà, ṣé ó kàn án (good) àbí kò kàn án (evil)? Èèyàn sì lè wà láàárín (neutral) nínú méjèèjì, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn mẹ́ta. Láyé ìgbà yẹn dandan ni kí paladin, ìyẹn jagunjagun mímọ́, jẹ́ lawful good, tó bá yà kúrò níbẹ̀ agbára ẹ̀ lọ nìyẹn. Lọ́dún 2008 wọ́n gé alignment kù sí márùn-ún, ní 2014 mẹ́sàn-án padà dé, ṣùgbọ́n wọn ò fi de paladin mọ́. Ti 2014 yìí là ń lò, nínú ẹ̀ sì rèé, ohun yòówù kó o kọ síwájú alignment, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí nọ́ńbà kankan padà fún ẹ nígbà tó o bá ju dáìsì. Ọwọ́ ìwọ tó ò ń ṣeré ni gbogbo ẹ̀ wà.

Mi ò tiẹ̀ kọ́kọ́ wo bébà tá a máa ń kọ ẹ̀dá wa sí rárá, mo wá èèyàn ná. Mo ń rò ó pé ta ló wà láyé àwọn bàbá wa tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó ń ṣe ló bófin mu, síbẹ̀ tí ò sẹ́ni tó fẹ́ kó yà sílé òun, ni ológò bá sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ rántí ológò, àbí? Tẹ́nì kan bá jẹ gbèsè tí ò san, olówó á bẹ ológò lọ́wẹ̀ kó lọ dógò tì í. Ológò á wọlé onígbèsè, á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní òun ò lọ mọ́, á máa pariwo, á máa bú tonílé tàlejò, adìyẹ tó bá kọjá á kì í mọ́lẹ̀ á pa á jẹ, títí ojú á fi ti mọ̀lẹ́bí onígbèsè tí wọ́n á fi dáwó jọ. Ìlú mọ̀ ọ́n, ìlú gbà á láyè, kò sẹ́ni tó máa mú un. Àánú ni ò sí nínú iṣẹ́ ẹ̀. Èmi ò tíì rí àlàyé lawful evil tó jù yẹn lọ. Mo sọ ọ́ ní Àkàndé, mo fi ṣe fighter, ìyẹn jagunjagun, mo mú Intimidation àti Insight fún un, ìkan láti fi dẹ́rù bani, ìkejì láti fi mọ ẹni tó ń parọ́ pé òun ò lówó lọ́wọ́.

Ibi tó gba ọpọlọ jù ni ìlà mẹ́ta tí mo fi pẹ́ńsùlù kọ sábẹ́ orúkọ ẹ̀. Ìlà kìíní ni ohun tó máa ń ṣe nígbà gbogbo: àdéhùn tó bá ti tẹnu ẹ̀ jáde, á mú un ṣẹ dórí kọ́bọ̀. Ìlà kejì ni ohun tí ò ní ṣe láé, kódà kí wọ́n gbé àpò wúrà síwájú ẹ̀: kì í gbà ju iye tó wà nínú ìwé lọ, kì í sì í fọwọ́ kan ẹni tí ò jẹ gbèsè. Ìlà kẹta ni ohun tó ń wá lọ́dọ̀ àwa yòókù, ó fẹ́ kówó jọ kó lè joyè ní ìlú tí wọ́n ti lé bàbá ẹ̀ jáde torí gbèsè. Ìlà kejì yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá kọ chaotic neutral tó sì dákẹ́ síbẹ̀ ò tíì sọ nǹkan kan fún wa, torí a ò tíì mọ ohun tẹ́ni náà máa ṣe tó bá rí àpò owó tó já bọ́ lọ́jà. Òun ló fà á tẹ́ ẹ fi ń rí ẹni tó máa ṣàdédé gún onílé tó gbà wọ́n lálejò lọ́bẹ, tẹ́ ẹ bá bi í pé kí ló dé, á ní ohun tí ẹ̀dá òun máa ṣe nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú gan-an. Ìwọ lo dá a, ìwọ lo mọ ohun tó máa ṣe!

Kí dáìsì kankan tó balẹ̀ mo ka ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sétí gbogbo wọn, mo wá bi oníkálukú pé kí ni ẹ ò fẹ́ rí. Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe paladin ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fìyà jẹ ẹni tí wọ́n ti dè lọ́wọ́, ẹlòmíì ní kọ́rọ̀ ọmọdé má wọ̀ ọ́, mo gbà, DM náà gbà. Lẹ́yìn ìyẹn Àkàndé fúnra ẹ̀ ní kí wọ́n kọ ìwé nínú eré: ọdún kan la ó fi jọ rìn, dọ́gbadọ́gba la ó máa pín èrè, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jí ti ẹnìkejì. Ìwé yẹn ló fọkàn wọn balẹ̀. Ẹni tó jẹ́ chaotic evil ò lè fún ẹ nírú ìdánilójú yẹn torí ìbúra ò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà pé òfin ló lágbára jù, tó bá ti fọwọ́ sí i, o lè sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ibi tí Àkàndé ti wá fara hàn gan-an ni ìlú kan tí DM wa fi ọjà Ìtòkú ya, àwọn aláró jókòó ti ìkòkò aró wọn, àdìrẹ ń gbẹ lórí okùn káàkiri. Oníṣòwò kan bẹ̀ wá lọ́wẹ̀ ká lọ gba 60 wúrà lọ́wọ́ opó kan tó ń dá aró. Nígbà tá a débẹ̀ ìkòkò obìnrin náà gbẹ táútáú, àbúrò mi ti ń sunkún díẹ̀díẹ̀, ó ní ká dárí jì í ká máa lọ. Àkàndé ní rárá, gbèsè ni gbèsè, ó wá tẹ́ ẹní. Ó wá bi opó náà pé tóun bá rí ohunkóhun nínú ìwé gbèsè tó lè dá a láre ńkọ́, ó ní wúrà mẹ́wàá lowó iṣẹ́ òun, obìnrin yẹn ní òun gbà. Mo ní kí DM ka ìwé náà sókè látòkè délẹ̀. Ibẹ̀ la ti gbọ́ ọ pé olówó ṣèlérí láti máa kó ẹ̀lú wá fún un lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan títí gbèsè fi máa tán, bẹ́ẹ̀ ẹ̀lú ò sì sí nílé. A padà lọ bá olówó, mo ju dáìsì olójú ogún fún Insight, 14 ló yọ, mo fi 3 tèmi kún un ó di 17, DM sì ti ní 15 tó. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni! Ìkòkò aró obìnrin yẹn ló fẹ́ gbà. Àkàndé ò bínú, kò sọ̀rọ̀ ìkà, ó kàn ká ẹní ẹ̀, ó lọ tẹ́ ẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ olówó fúnra ẹ̀, ó ní ẹni tó da àdéhùn ló jẹ gbèsè báyìí. Adìyẹ ilé yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí bàbá yẹn tó fa ìwé ya.

Inú àbúrò mi dùn títí Àkàndé fi padà lọ gba wúrà mẹ́wàá ẹ̀ lọ́wọ́ opó. Ìjà dé. Nínú eré "ìwọ" ni paladin ń pe Àkàndé, ó ní ìwọ aláìláàánú yìí, ojú ò tì ẹ́, àmọ́ tó bá ti fẹ́ bá èmi ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ̀rọ̀ ó máa padà sí "ẹ" lójú ẹsẹ̀, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ bá mi gbé omi yẹn." Ìyẹn ràn mí lọ́wọ́ gan-an torí mo máa ń mọ̀ pé inú eré lọ̀rọ̀ ṣì wà. Ọjọ́ tó bá fi "ẹ" bínú sí mi ni mo máa dá eré dúró ká jọ sọ ọ́. Paladin ẹ̀ wá fi owó ara ẹ̀ san mẹ́wàá yẹn padà fún opó, Àkàndé sì ní owó ẹ̀ ni, kò kan òun. Lawful good àti lawful evil jọ rìn láìyí ara wọn padà, mi ò rí ìyẹn rí lórí tábìlì wa.

Nígbà tó yá DM bi mí bóyá ká sún Àkàndé sí lawful neutral, ó ní ọmọlúàbí ti ń wọ̀ ọ́ lára. Nínú Advanced D&D ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tó bá yí alignment padà máa pàdánù level kan, ìyẹn ìpele agbára kan, tiwa ò ní ìyà kankan nínú, ó rọrùn láti gbà. Mo kọ̀. Mo ní tí ìwé yẹn bá ti wà lẹ́yìn olówó ni, Àkàndé ì bá kó ìkòkò aró yẹn lọ lójú opó, á sì sùn dáadáa lóru. Ohun tó ṣe dára, ìdí tó fi ṣe é ni ò yí padà, ìdí yẹn ni mo sì gbà pé ó yẹ kéèyàn máa fi wọn alignment.

Ìwé ọdún kan yẹn parí nínú eré, Àkàndé ka ìpín ẹ̀ níṣojú gbogbo wa, ó dá owó kan tó lé padà, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Àbúrò mi ló fẹ́ ṣe chaotic neutral nínú ìtàn tó kàn. Mo ti ní kó gbé ìlà mẹ́ta tiẹ̀ wá, ó ti kọ méjì, ìlà kejì ló ṣì ń pa rẹ́.