Ẹ fẹ́ ṣe ọgbà bíi ti Japan? Òkúta mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Mo mọ̀ pé fìtílà olókùúta yẹn ló ń wù yín, àti afárá pupa, àti ẹja aláwọ̀ mèremère tó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, ó wu èmi náà gan-an, ṣùgbọ́n aṣọ ni gbogbo ìyẹn, òkúta ni egungun ọgbà, tí egungun ò bá sì tò, kò sí aṣọ tó máa bò ó. Ìwé kan wà tó ń jẹ́ Sakuteiki, ó wà lára àwọn ìwé tó pẹ́ jù lọ lórí iṣẹ́ yìí ní Japan, ó ti tó bí ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti kọ ọ́, ọ̀rọ̀ òkúta ló sì fi bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé kẹ́ni tó ń to òkúta máa tẹ̀ lé ohun tí òkúta fúnra ẹ̀ bá ń béèrè.

Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ò yé mi àfìgbà tí mo gbé òkúta ńlá kan kalẹ̀. Mo gbé e lé orí ilẹ̀ báyìí, mo sún sẹ́yìn wò ó, ṣe ló dà bí ẹrù tẹ́nì kan gbàgbé síbẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń yí i sọ́tùn-ún, tí mò ń yí i sósì, kò bọ́ sí i rárá. Ọjọ́ tí mo wá gbẹ́ ilẹ̀ tí mo rì í wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta, ó yàtọ̀ lójú ẹsẹ̀, àfi bíi pé òkè kan wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ tó jẹ́ pé góńgó orí ẹ̀ nìkan ló yọ síta.

Torí náà, òkúta mẹ́ta. Kí wọ́n jẹ́ irú kan náà, kí gíga wọn má dọ́gba, ẹ má sì wá èyí tó ń dán. Ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa yí wọn, òkúta kọ̀ọ̀kan ló ní iwájú àti ẹ̀yìn, ó ní ibi tó ń fì sí, tó bá ń fì sọ́tùn-ún, apá ọ̀tún yẹn ni kẹ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ sí fún un. Èyí tó ga jù kọ́kọ́ wọlẹ̀, àwọn méjì tó kù á wá dá a lóhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ọ̀kan sún mọ́ ọn ju èkejì lọ, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò lórí ìlà kan bí ọmọ iléèwé. Tẹ́ ẹ bá da yẹ̀pẹ̀ sí i, ẹ fi ìdí igi gún un dáadáa yí ká, kò gbọ́dọ̀ mì tẹ́ ẹ bá tì í.

Ohun tó kàn ni àyè tó ṣófo, ibẹ̀ sì lèèyàn púpọ̀ ti ń bà á jẹ́ torí pé ọwọ́ wọn ò gbà kí ibì kan wà lásán. Ẹ wá fọ́tò ọgbà tẹ́ńpìlì Ryōan-ji tó wà nílùú Kyoto, òkúta 15 péré ló wà níbẹ̀ ní ọ̀wọ́ márùn-ún, lórí ilẹ̀ tó gùn tó nǹkan bíi mítà 25, tó sì fẹ̀ tó mítà 10, wọ́n sì tò ó débi pé ibi yòówù kẹ́ ẹ jókòó sí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tẹ́ńpìlì yẹn, ọ̀kan ó kéré tán á sá pa mọ́ fún yín. Ẹ mú pẹ́ńsù, kẹ́ ẹ yàwòrán ohun tó wà nínú fọ́tò yẹn, àmọ́ ẹ má ya òkúta o, àyè tó wà láàárín wọn ni kẹ́ ẹ yà. Ẹ ṣe é bíi ìgbà mẹ́wàá, ojú yín á bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan.

Òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ máa tẹ́ sí àyè yẹn, tẹ́ ẹ máa fi réèkì fa ìlà sí, ẹ má lo iyanrìn etí òkun, ó ti rí roboto jù, kò ní di ìlà mú, atẹ́gùn á sì gbé e lọ. Èyí tí wọ́n fọ́, tí etí ẹ̀ ṣì mú díẹ̀, tí hóró kan tó bíi mìlímítà 5, òun lẹ ń wá, ẹ jẹ́ kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7. Réèkì ẹ̀, ẹ lè fi pákó ṣe é fúnra yín, kẹ́ ẹ gé eyín sí i, kí eyín ẹ̀ fẹ̀ kó sì nípọn. Ẹ̀yìn lẹ máa rìn. Ẹ dúró kí ẹsẹ̀ yín balẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí réèkì fúnra ẹ̀ wúwo sílẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wá fà á bọ̀ láìdáwọ́ dúró, torí ibi tẹ́ ẹ bá ti dúró mí, àmì ẹ̀ á hàn níbẹ̀ kedere. Ìlà gbọọrọ ni kẹ́ ẹ fi oṣù àkọ́kọ́ fà. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ lè wá máa yí òkúta po, bí omi ṣe máa ń ṣe tó bá kọlu àpáta.

Ti igi, ẹ rọra. Igi páìnì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi àlùmọ́gàjí gé ṣákáṣàka, ọwọ́ ni wọ́n fi ń já ọ̀mùnú ẹ̀ nígbà ìrúwé, tó bá di ìparí ọdún wọ́n á tún fi ọwọ́ fa ewé àtijọ́ kúrò kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ inú. Òkè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀, kí pàǹtí má bàa máa já lu ibi tí wọ́n ti ṣe tán. Azalea, igi kékeré olódòdó, ní tiẹ̀, gbàrà tó bá ti tanná tán ni kẹ́ ẹ gé e, tẹ́ ẹ bá fi falẹ̀, òdòdó ọdún tó ń bọ̀ lẹ ń gé dànù yẹn.

Ewéko kéékèèké tó máa ń bo ilẹ̀ bíi kápẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní koke, ó lẹ́wà lóòótọ́, nǹkan bíi oríṣi 120 ló wà ní Saihō-ji, tẹ́ńpìlì míì ní Kyoto, ṣùgbọ́n òjìji àti ọ̀rinrin ló fẹ́, tí oòrùn bá ń pa ibi tẹ́ ẹ wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ tó fún yín.

Lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú 15. Ọwọ́ lẹ máa fi ṣa ewé tó já kẹ́ ẹ tó gbé réèkì, tẹ́ ẹ bá réèkì mọ́ ọn, ó máa rì sínú ni, á sì jẹrà síbẹ̀. Lẹ́yìn òjò, ẹ dúró kó gbẹ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Táwọn èèyàn bá sì ń tẹ ìlà yín mọ́lẹ̀, ẹ wá òkúta kékeré kan tó tó ìkúùkù, kẹ́ ẹ fi okùn dúdú dì í lágbèéléèbú, kẹ́ ẹ gbé e sójú ọ̀nà, sekimori-ishi ni wọ́n ń pè é, ohun tó ń sọ ni pé ibí ni kẹ́ ẹ ti ṣẹ́rí padà.