Ìyeyè Méjì Tó Fẹ́ Pa Mí: Bí Mo Ṣe To Ìwé Àjọ Wa Lórí Excel

5,000 sẹ́fà ni mo san fún ọmọkùnrin kan tó ń tẹ̀wé lẹ́bàá ọjà níbí ní Kétu, ilẹ̀ Benin, pé kó bá mi to orúkọ àwọn ìyá tó ń dá àjọ lọ́dọ̀ mi lórí Excel, ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń kọ orúkọ àti owó sínú òpó-òpó. Orúkọ nìkan ló tò! Kọ̀ǹpútà bi í o, ó bi í bóyá kó gbé àwọn òpó yòókù dání, Étendre la sélection, ó ní rárá. Bí owó ìyá kan láti Ìlárá, tí wọ́n ti san 60,000, ṣe bọ́ sórí ẹni tí kò tíì san nǹkan kan nìyẹn. Lọ́jọ́ tá a pàdé, ìyá náà ní, "Ìwọ akọ̀wé yìí, ṣé o ti jẹ owó mi ni?" Ojú tì mí gan-an.

Mo bá ní ó tó gẹ́ẹ́, màá ṣe é fúnra mi. Fáìlì àtijọ́ ṣì wà lórí fóònù, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo fi òpó kan síwájú, mo kọ 1 dé 143 síbẹ̀, torí bí mo bá da gbogbo ẹ̀ rú, nọ́ńbà yẹn ni màá fi tò ó padà (orí mi pé lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ n yin ara mi). Ìyókù ò le: Données, Trier (ibi tí wọ́n ti ń tò ó), Ajouter un niveau (fi ìpele kan kún un), ìlú ṣáájú, àwọ̀ tẹ̀ lé e, orúkọ kẹ́yìn.

Àwọ̀ yẹn ló wá di ẹjọ́. Pupa ni mo kùn fún onígbèsè, ìyeyè fún ẹni tó san díẹ̀, àwọ̀ ewé fún ẹni tó san tán. Excel ò mọ èwo ló ṣáájú èwo, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un, àwọ̀ kan ìpele kan. Mo sọ fún un. Ni àwọn ìyeyè kan bá lọ jókòó sísàlẹ̀, lẹ́yìn àwọn tó san tán! Mo tún un ṣe, bákan náà ni. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án, mo pariwo mọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé òun ló fọwọ́ kan fáìlì mi, iná lọ, iná dé, wọ́n ṣì jókòó síbẹ̀.

Òru ti jìn kí n tó fara balẹ̀ wo ibi tí wọ́n ti ń mú àwọ̀. Mẹ́ta ni mo kùn, mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ìyeyè méjì! Ọ̀kan mo kùn ún lórí fóònù, ìkejì lórí kọ̀ǹpútà, lójú tèmi ọ̀kan náà ni wọ́n, Excel ní wọn ò bára tan. Mo kọ́kọ́ gbọ́n àgbọ́njù, mo fún ìyeyè kejì ní ìpele tiẹ̀, orúkọ bá pín sí ọ̀nà méjì, ó dé ìparí tán ó tún bẹ̀rẹ̀ láti A. Ohun tó gbà mí ni Filtrer par couleur: mo ní kó fi ìyeyè kejì nìkan hàn mí, mo fi ìyeyè àkọ́kọ́ kùn wọ́n pátá, mo yọ filtre, mo tò ó. Ó tò! Mo pariwo, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jí.

Àṣé mo tún ti kọ Kétu, Ketu àti Kétou, ìlú mẹ́ta ni lójú Excel. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Tí mo bá mọ̀ ni, mi ò bá ti ní òpó kan tí màá máa kọ "gbèsè", "díẹ̀", "tán" sí, kí àwọ̀ kàn máa ṣe ẹwà tiẹ̀. Ní ti 5,000 mi, ọmọ yẹn ní òun ò lè dá a padà, òun ti fi ra bébà. Ó ní tí n bá tún níṣẹ́, kí n máa gbé e bọ̀.