Ọ̀wọ́n Ọta Ìbọn: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Ẹ Bá Ń Dánra Wò Láìyìnbọn

Ọ̀wọ́n ọta ìbọn kì í ṣe nǹkan tuntun ní Amẹ́ríkà. Ní 2013, nígbà tí ọ̀rọ̀ òfin tuntun lórí ìbọn gba ẹnu gbogbo ìlú, àwọn èèyàn ra ọta .22, ìyẹn ọta tín-ín-rín, débi pé àtẹ ṣófo fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ti 2020 wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àrùn Kòrónà dé, ìwọ́de ń lọ, ìdìbò ń bọ̀, NSSF tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ìbọn sì fojú bù ú pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 8.4 ló ra ìbọn fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, Remington, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ọta, gba kóòtù lọ nítorí gbèsè. Ọta 9mm, tí ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́ ń lò, di ohun tí èèyàn ń tò dúró fún.

Ẹni tó ra ìbọn lásìkò bẹ́ẹ̀, tí kò rí ọta yìn, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fa tírígà ìbọn òfìfo nínú pálọ̀. Kò burú rárá. Àwọn ológun àti àwọn tó ń fi ìbọn yíyìn díje ti ń ṣe é kí ọ̀wọ́n tó dé. Kì í kúkú tán nígbá osùn ká má rí i fi pa ọmọ lára. Ibi tí mo ti rí wàhálà ni pé ìbọn tí kò dún máa ń tan èèyàn jẹ. Ariwo lọ, ìbẹ̀rù náà bá a lọ, èèyàn á wá máa fojú eré wo ohun tí kì í ṣe eré.

Ẹ má jẹ́ kí ọta wà ní yàrá tí ẹ ti ń fa tírígà

Èyí ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí òun ló lè pa èèyàn.

Ìparí ìdánrawò ni mo máa ń bẹ̀rù ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹni náà ti yọ ọta, ó ti fa tírígà ní ọgbọ̀n ìgbà, ó ti parí, ó ti kó ọta padà sínú ìbọn. Ló bá rántí pé èyí tí òun ṣe kẹ́yìn yẹn kò dáa tó. "Jẹ́ kí n fà á lẹ́ẹ̀kan péré sí i." Ẹ̀ẹ̀kan péré yẹn ló máa dún. Ó ti mọ́ ọwọ́ rẹ̀ lára pé "ká" lásán ni tírígà ń dún, kò sì sí ẹni tó sọ fún ọwọ́ pé nǹkan ti yí padà.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yọ àpò ọta (magazine) kúrò, kí ẹ tó fa irin orí ìbọn (slide) sẹ́yìn. Àwọn kan ń ṣe é lódìkejì: wọ́n á fa irin náà, ọta kan á fò jáde, ọkàn wọn á balẹ̀, láìmọ̀ pé àpò ọta tó ṣì wà níbẹ̀ ti ti òmíràn wọlé. Ẹ wo ihò tí ọta máa ń wọ̀, kí ẹ sì tún ti ìka bọ̀ ọ́, torí ohun tí ojú ń retí ló sábà máa ń rí. Gbogbo ọta inú ilé, títí kan èyí tó wà nínú àpò ọta kejì, ẹ gbé e lọ sí yàrá mìíràn kí ẹ sì pa ìlẹ̀kùn dé. Bí fóònù bá dún tàbí tí ọmọ bá pè yín láàárín ìdánrawò, nígbà tí ẹ bá padà dé, ẹ tún ìbọn náà yẹ̀ wò bíi pé ẹ kò yẹ̀ ẹ́ wò rí. Bí ẹ bá sì parí, ẹ là á lóhùn: "Ó ti parí." Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ wèrè, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbé ìbọn náà kúrò lójú, ẹ lọ ṣe nǹkan mìíràn kí ẹ tó tún ki ọta sí i.

Ibi tí ẹ kọjú ẹnu ìbọn sí náà ńkọ́? Ògiri inú ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà kò ju igi àti pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Ọta máa gbà á kọjá bọ́ sí yàrá kejì. Ògiri kọnkéré ni kí ẹ wá. Ẹ má kọjú u sí tẹlifíṣọ̀n, ẹ má sì kọjú u sí òjìji ara yín nínú dígí. Nínú òfin mẹ́rin tí Jeff Cooper, olùkọ́ ìbọn yíyìn ará Amẹ́ríkà, tò fún ààbò ìbọn, àkọ́kọ́ ni pé gbogbo ìbọn ló ní ọta nínú nígbà gbogbo. Ìdánrawò kò yọ yín sílẹ̀ nínú òfin yẹn.

Ọta ìdánrawò, èyí tí kò ní ẹ̀tù, dára kí ẹ rà á. Àmọ́ ẹ má kó o pọ̀ mọ́ ọta gidi nínú àpò kan náà, kódà bí àwọ̀ wọn bá yàtọ̀. Ẹni tó bá sì ní ìbọn .22, kó kọ́kọ́ ka ìwé tó bá ìbọn náà wá: nínú àwọn kan, irin tó ń lu ìdí ọta máa ń gbá etí ihò náà tí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, á sì bà á jẹ́.

Ẹ má kọ́ ọwọ́ yín ní ìkọ́kúkọ̀ọ́

Ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́ òde òní kì í jẹ́ kí tírígà ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì àyàfi tí èèyàn bá tún fa irin orí rẹ̀ sẹ́yìn. Bí ẹ bá fa tírígà, ẹ fa irin, ẹ fa tírígà, ẹ fa irin, fún oṣù mẹ́ta gbáko, lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di gidi, ọwọ́ yín á máa fa irin lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan, á sì máa da ọta tó dáa nù sílẹ̀. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan tó dáa, kí ẹ sinmi, kí ẹ gbé ìbọn wálẹ̀ pátápátá kí ẹ tó tún un ṣe.

Àwọn tó ń lo ìbọn lésà, ìbọn ìdánrawò tó ń tan iná dípò kó yin ọta, náà ní àṣìṣe tiwọn. Ojú wọn máa ń sáré lọ wo àmì pupa lára ògiri dípò àmì ìfojúsùn orí ìbọn. Ìbọn gidi kò ní tan iná fún ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe ọ̀daràn fún yín nínú ìdánrawò, ẹ má fi ìbọn gidi ṣe é, ì báà ṣófo. Airsoft (ìbọn ìṣeré tó ń yin ọta ike) tàbí ìbọn rọ́bà ni wọ́n ń lò, kí ẹni tó bá fẹ́ lo airsoft sì bo ojú dáadáa. Ẹ tún ta kọ́tìnì. Aládùúgbò tó bá ríran wọlé kò ní mọ̀ pé eré ni.

Ẹ má rò pé ìbọn ni gbogbo ìdáàbòbò

Ní 1983, Dennis Tueller, ọlọ́pàá ní Salt Lake City, kọ̀wé pé ẹni tó mú ọ̀bẹ lè sáré kọjá ẹsẹ̀ bàtà 21 láàárín bí ìṣẹ́jú-àáyá kan àbọ̀, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àkókò tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń fa ìbọn yọ tó sì ń yìn ín. Àwọn èèyàn wá sọ ẹsẹ̀ bàtà 21 di ààlà òfin, bíi pé ẹni tó bá ti wọ inú rẹ̀, ẹ lè yìnbọn fún un. Irọ́ ni. Ohun tí ọ̀rọ̀ Tueller ń sọ ni pé ẹ tètè ríran, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ fi nǹkan sáàárín. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú kò sì ń náni ní ọta kankan.

Òfin náà ńkọ́? Florida ti sọ láti 2005 pé kò pọn dandan kí èèyàn sá kó tó gbèjà ara rẹ̀. Ní New York, bí èèyàn bá wà níta ilé rẹ̀, tó sì mọ̀ pé òun lè sá láìséwu, ó gbọ́dọ̀ sá kó tó lo agbára tó lè pa èèyàn. Ẹni tó ní ìbọn tí kò mọ ti ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ń wá ẹ̀wọ̀n. Kódà níbi tí òfin ti gbà yín láàyè, akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá, ogun ni yóò bá lọ. Ìgbà ọ̀wọ́n gan-an ló yẹ kí ẹ fi ka òfin náà, kí ẹ sì jọ pinnu nínú ilé ẹni tó máa pe 911, yàrá tí gbogbo yín máa sá sí, àti ẹni tó máa gbé ọmọ.

Bákan náà ni ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ra ìbọn mẹ́ta láìra ọ̀já ìdẹ́jẹ̀dúró (tourniquet, èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá tàbí ẹsẹ̀) kan ṣoṣo pọ̀ lọ jàra. Ìpolongo Stop the Bleed, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ń kọ́ ará ìlú lásán bí wọ́n ṣe ń lò ó: íǹṣì 2 sí 3 lókè ojú ọgbẹ́, kó má bọ́ sórí oríkèé, kí ẹ fún un títí ẹ̀jẹ̀ á fi dúró, kí ẹ kọ àkókò sílẹ̀, kí ẹ má sì tú u títí oníṣègùn á fi dé. Ó ń dun ẹni tí wọ́n ń fún un fún gan-an. Ẹ má torí igbe rẹ̀ dẹ̀ ẹ́.

Ẹ má fi ọta díẹ̀ tó kù ṣòfò

Ọ̀wọ́n máa ń sọ àwọn kan di alágbẹ̀dẹ òru mọ́jú: wọ́n á ní àwọn fẹ́ máa rọ ọta fúnra wọn, láìní olùkọ́. Ọta tí ẹ̀tù rẹ̀ kò tó lè há sínú ẹnu ìbọn, tí ẹ bá sì yin òmíràn tẹ̀ lé e, ìbọn lè bẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ìbọn bá dún fẹ́ẹ́, ẹ dúró, ẹ má yin èyí tó kàn.

Èyí tó kẹ́yìn, ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń yọ ọta lálaalẹ́ láti dánra wò, tó tún ń ki ọta kan náà padà, ń ba ọta yẹn jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí irin bá gbá a wọlé, orí ọta lè máa rì sínú ìkòkò rẹ̀, ìyẹn ara idẹ tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, ipá rẹ̀ á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ tí wọ́n bá yìn ín. Ẹ máa pààrọ̀ èyí tó ń wọlé ṣáájú, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun kí ẹ fojú wọ̀n wọ́n. Bó bá ti kúrú ju èkejì lọ, bó ti wù kí ọta wọ́n tó, ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ gbé e fún àwọn tó ń tọ́jú pápá ìyìnbọn.